Orí Keje: Àkísà Tó Wà Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ti sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí ààrò rí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àkísà gbígbẹ àti àkísà tó rin. Bí àkísà bá gbẹ, èèyàn á rọra fi gbé ìkòkò náà, kò ní jó o lọ́wọ́. Bí àkísà ọ̀hún bá rin, ìkòkò kò ní tíì dé ilẹ̀ tí onítọ̀hún á ti figbe ta. Àkísà kan náà ni, ìkòkò kan náà, iná kan náà. Omi tó wọ inú àkísà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkísà yìí ló sọ sí mi lọ́kàn ní Bassa, ní ìlú Douala lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá wo ohun tó ń ṣe ọkọ̀ òun. Mercedes 190 D ni ọkọ̀ náà, tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé nǹkan dúdú kan ti bo orí ẹ́ńjìnnì, ó dà bíi gààrí tó jóná mọ́ agbada. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó di lẹ́búlẹ́bú. Mo gbójú sókè, mo wá rí ibi tó ti ń já bọ́. Fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbó. Apá kan ti ṣí kúrò pátápátá, apá kejì sì ń fì bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi mirí. Ó ní, “Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbá a kúrò. Àfi bíi pé ẹ́ńjìnnì yìí ń bọ́ awọ bí ejò.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rán àga ọkọ̀ nítòsí ti gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ó gbé àjákù fóòmù ibùsùn kan wá, ó ní kí á jẹ́ kí òun gé e, kí òun fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kò ní gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Owó tó dá lé e kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ki ọwọ́ bàpò nígbà tí mẹkáníìkì àgbà tó ni ibi iṣẹ́ náà ní kí á dúró díẹ̀. Ó já ìwọ̀nba kan lára fóòmù yẹn, ó fi ẹ̀mú mú un, ó gbé e lọ sí ìta gbangba, ó sì ṣá ìṣáná sí i. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti gbiná. Èéfín dúdú ń jáde lára rẹ̀, ó ń yọ́, ìkán kọ̀ọ̀kan tó ń já bọ́ sílẹ̀ sì ń jó lọ níbi tó bọ́ sí.

Mẹkáníìkì náà fi ẹsẹ̀ tẹ iná náà pa. Ó wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ọ̀gá, ṣé èyí lẹ fẹ́ gbé kọ́ sókè iná?”

Ìbéèrè yẹn ni mo kọ orí yìí lé lórí.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀

Àwọn mẹkáníìkì wa ń pe ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní kápẹ́ẹ̀tì bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n torí ẹ̀ fi í síbẹ̀.

Èkíní ni pé ó ń dí ooru lọ́nà. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lójú máa ń gbóná tó nǹkan bí 90°C nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, kó tó wọ sálẹ́ńsà, lè kọjá 500°C bí ọkọ̀ bá ń ru ẹrù gun òkè. Gbogbo ooru yìí ń wá ibi tí yóò gbà jáde, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló sì wà lókè orí rẹ̀. Bí páànù bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wà ní ìhòòhò, ọ̀dà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa yan láti ìsàlẹ̀, oòrùn yóò sì máa yan án láti òkè. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣá, tí yóò sì máa sán.

Báwo ni nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ ṣe ń dá ooru dúró? Kì í ṣe òwú tàbí fóòmù gan-an ló ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ihò wẹ́wẹ́ ara wọn ni. Afẹ́fẹ́ tí kò rí ibi rìn kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Irin ń jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá ní ìlọ́po tó ju 1,000 lọ sí ti òwú gíláàsì tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àkísà gbígbẹ fi ń gba ọwọ́ là. Bí omi bá ti wọ inú àwọn ihò yẹn, ó ti lé afẹ́fẹ́ jáde, omi sì ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po tó ju ogún lọ sí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e. Àkísà náà wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti lọ.

Àwọn kápẹ́ẹ̀tì kan tún ní bébà aláwọ̀ fàdákà lójú, ìyẹn alumíníọ́mù tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ooru kì í rin ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó yáná mọ̀ pé ooru lè bá òun lójú láìfọwọ́ kan iná, kó má sì sí atẹ́gùn kankan tó gbé e wá. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ ni, ojú fàdákà yẹn sì ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà bí dígí ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Iṣẹ́ kejì ni ti ariwo. Ìró jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n. Bó bá kọlu páànù lásán, yóò ta padà, páànù náà yóò sì máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀ bí awọ ìlù. Bó bá wọ inú òwú tàbí fóòmù oníhò, yóò máa há, yóò máa fara ha àwọn okùn tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀, agbára rẹ̀ yóò sì di ooru kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ìró tó ń ta létí, irú kàkàkà tí ẹ́ńjìnnì dísù ń ṣe, ló ń rí mú jù. Ìró tó ń dún wùùwùù láti ìsàlẹ̀ nípọn jù fún un, ó ń kọjá. Nígbà tí Mercedes gbé 190 D jáde ní 1983, wọ́n fi ìbòrí tó ń gba ariwo yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká débi pé àwọn ará Jámánì sọ ọ́ ní dísù tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tipẹ́tipẹ́.

Ohun kan wà tí kápẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣe, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Àwọn kan máa ń fà á ya nítorí wọ́n gbà pé òun ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Rédíétọ̀, omi, fáànù àti sálẹ́ńsà ló ń kó ooru ẹ́ńjìnnì jáde. Bí ọkọ̀ bá ń hó, ẹ wá ibi tí omi ti ń jò, ẹ má fi ẹ̀sùn kan kápẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ run

Láàárín 1982 sí 1993 ni wọ́n ṣe àwọn Mercedes 190. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Irú fóòmù tí wọ́n lò sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn nígbà náà, àti sí ti Mercedes W124 tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pè ní V-Boot, ni a mọ̀ sí polyurethane. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, ó sì ń gba ariwo. Ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin jẹ́ ọ̀tá fún un. Ẹ̀wọ̀n gígùn gígùn ni fóòmù náà lójú onímọ̀ kẹ́mísírì. Nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ lè wọ ibi tí oríkèé ẹ̀wọ̀n wà, kó sì gé e. Atẹ́gùn ọ́síjìn náà ń gé e láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ooru ló ń mú iṣẹ́ àwọn méjèèjì yá. Ìṣirò ojú-wòye kan wà tí àwọn onímọ̀ máa ń lò, pé bí ooru bá fi 10°C pọ̀ sí i, irú iṣẹ́ báyìí lè yára ní ìlọ́po méjì. Nígbà tó bá yá, ẹ̀wọ̀n gígùn á di kúkúrú, fóòmù á sì di lẹ́búlẹ́bú.

Ẹ wá wo ibi tí ọkọ̀ yìí ń gbé. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún kan lé ní 3,500 mílímítà, nígbà tí ti Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 1,300 lọ. Ní abúlé Debundscha tó wà lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, ní etíkun kan náà, òjò ọdún kan lè kọjá 10,000 mílímítà, ó sì wà lára àwọn ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù lọ láyé. Nínú oṣù keje àti ìkẹjọ, aṣọ tí a sá sínú ilé ní Douala lè lo ọjọ́ mẹ́ta kó má gbẹ. Kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ń mí afẹ́fẹ́ kan náà.

Àgbègbè ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ni Bassa. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti èbúté bọ̀, táksí aláwọ̀ ìyeyè àti alùpùpù ń fún ara wọn mọ́ oríta Ndokoti láàárọ̀ lálẹ́. Ọkọ̀ á dúró, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, kò sì ní sí atẹ́gùn ìrìn tó ń gba iwájú wọlé. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan báyìí ni abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń gbóná jù, kì í ṣe ìgbà tó bá ń sáré. Ẹni tó ń gba Ọ̀jọ́ta tàbí Mushin kọjá nírọ̀lẹ́ kò nílò àlàyé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká jábọ̀ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni ilẹ̀ Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn láàárín 2015 sí 2018. Ilẹ̀ Áfíríkà ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú òtútù ló ń wá lo ìgbà ogbó rẹ̀ nínú ooru wa. Àwọn tó ń rà á máa ń wo ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wo gíà, wọ́n á wo táyà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni wo ohun tó wà lókè.

Nígbà tí àkísà bá di òwú fìtílà

Fóòmù tó ti gbó lè já bọ́ sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́, kó sì dí àsẹ́ rẹ̀. Ó lè dí ihò tí omi òjò ń gbà ṣàn kúrò nísàlẹ̀ wínsíkíríìnì, kí omi wá máa wọ ilé ọkọ̀. Eku sì fẹ́ràn láti fi ṣe ìtẹ́. Gbogbo ìyẹn kò tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ rántí fìtílà. Bí ẹ bá da epo sínú àwo, tí ẹ ṣá ìṣáná sí i, ó lè má tètè jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi òwú sí i, òwú á fa epo sókè, á tẹ́ ẹ sí ojú afẹ́fẹ́, iná á sì mú un kíá. Kápẹ́ẹ̀tì tó ti fa ọ́ìlì àti dísù mu fún ọdún mẹ́wàá ti di òwú fìtílà. Dísù kò tilẹ̀ nílò ìṣáná. Bí ooru rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí 250°C, ó lè gbiná fúnra rẹ̀, bó sì ṣe ń jó nínú ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. Mo sì ti sọ bí irin èéfín ṣe ń gbóná tó. Bí àjákù kápẹ́ẹ̀tì olómi-epo bá já bọ́ lé irin náà lórí, ohun tó kù kò ní pẹ́.

Ìdí nìyí tí fóòmù ibùsùn fi léwu jù. Polyurethane lòun náà, ṣùgbọ́n àga àti ibùsùn ni wọ́n ṣe é fún. Kò mọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá jó, èéfín rẹ̀ ní káábọ́ọ̀nù mónóksáìdì àti májèlé sáyánáìdì nínú, àwọn méjèèjì tó ń pa èèyàn nínú ilé tó bá ń jó. Kápẹ́ẹ̀tì ilé, àpò rírán àti páálí kò sàn jù ú lọ. Bí owó kò bá tíì sí fún ojúlówó, ẹ yọ èyí tó gbó kúrò pátápátá, kí ẹ máa lo ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà lè ṣá, ariwo lè pọ̀. Ìyẹn sàn ju kí a gbé ìtùfù kọ́ sókè ẹ́ńjìnnì.

Eruku rẹ̀

Ọwọ́ tó bá yọ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Òwú gíláàsì máa ń yún ara, ó sì ń ta ojú àti ọ̀fun. Èyí tó burú jù ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì, tí wọ́n lò nínú ọ̀pọ̀ ohun èlò ọkọ̀ láyé àtijọ́ nítorí pé iná kì í jó o. Okùn rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde, ó sì lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ogójì ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo irú rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Jámánì fòfin dè é ní 1993, Faransé ní 1997, gbogbo Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní 2005. Kì í ṣe gbogbo kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló ní i, àmọ́ a kò lè fi ojú lásán mọ èyí tó ní i. Bí ọkọ̀ bá dàgbà ju ọdún 1990 lọ, tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ eérú tó ń tú okùn, ẹ ṣe é bí ẹni pé ó ní i.

Nítorí náà, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ bu omi sínú ìgò tí ń fọ́n, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi rin ín kí eruku má lè gbéra. Ẹ wọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́, jígí ààbò, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹ di ohun tí ẹ bá yọ sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ má sun ún. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kékeré gbá a láìbo imú. Ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ ló máa pẹ́ láyé jù.

Bí a ṣe pààrọ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù. Mẹkáníìkì náà tú okùn òdì kúrò lórí bátìrì. Ó fi igi gbọọrọ kan ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí apá tó yẹ kó gbé e dúró ti rẹ̀. Ó fi ọ̀rá bo ẹ́ńjìnnì, ó fi àkísà mímọ́ dí ẹnu ibi tó ń gbà fa afẹ́fẹ́. A wọ́n omi, a fi ọ̀bẹ oníke ha á. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó kù mọ́ páànù, kerosíìnì díẹ̀ lórí àkísà ló fi ń nù ún, ó sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kó má rùn mọ́, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bẹntiróòlù ṣe é. Òórùn bẹntiróòlù nìkan tó láti gbiná.

Nígbà tí páànù mọ́, a rí ibi tó ti ń dípẹtà nítorí ọ̀rinrin tí fóòmù ti há mọ́ ọn. Ó ha á, ó fi ọ̀dà kùn ún, ó ní kí a padà wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ra òwú gíláàsì onífàdákà tí wọ́n ṣe fún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kó tó gbé e kọ́, mẹkáníìkì náà já díẹ̀ létí rẹ̀, ó sì ṣá ìṣáná sí i lójú wa. Ó dúdú létí, kò sì gba iná. Ó gé páálí ní pátánì, ó yẹ ibi kọ́kọ́rọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ibi okùn omi tó ń fọ wínsíkíríìnì sílẹ̀, ó sì gbé pátánì náà lé òwú kó tó gé e. Gbogbo etí tí ó gé ni ó fi téèpù fàdákà dì kí okùn má baà máa tú jáde.

Ó wá ṣe ohun kan tí n kò tíì rí rí. Ó pọ́n amọ̀ rọ́bótó mẹ́rin, ó fi ọ̀rá wé wọn, ó gbé wọn sórí ibi tó ga jù lára ẹ́ńjìnnì, ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì tún ṣí i. Bí amọ̀ ṣe pẹlẹbẹ tó ló fi mọ àyè tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Níbi tó ti tinrín jù, ó dín kápẹ́ẹ̀tì náà kù kó má baà fara kan irin gbígbóná.

Gọ́ọ̀mù tó lè fara da ooru ló lò. Ó fi pa ojú páànù àti ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì, ó dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kó tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìta gbangba ló ti ṣe é, nítorí òórùn gọ́ọ̀mù ń kọlu orí, ó sì lè gbiná. Lẹ́yìn rẹ̀ ló tún fi kílíìpù yí i ká. Ó ní gọ́ọ̀mù lásán á rọ̀ nígbà tí ooru bá dé, kílíìpù ni kò ní jẹ́ kó já bọ́. A ṣáná sí ọkọ̀, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. A ń gbóòórùn bóyá nǹkan ń jó, a sì ń wo bóyá ibì kan ń ṣí. Kò sí.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbọ́ bí kàkàkà yẹn ṣe rọlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó san owó, ó wakọ̀ lọ sí Ndokoti.

Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tún gba ibi iṣẹ́ náà kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rán àga ọkọ̀ lóṣòó sí ìta. Ó fi ẹ̀mú di àjákù fóòmù kan mú, ó na apá jìnnà sí ara, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Oníbàárà kan dúró tì í, ó ń retí. Fóòmù náà gbiná, ó ń kán sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ pa, ó sì sọ fún oníbàárà pé kó lọ ra òmíràn wá.